Ẹkún Tí Mo Sun fún Fíìmù Amẹ́ríkà

Lóṣù tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ mùsùlùmí wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ní kí àwa tá a ti fẹ̀yìntì kọ ohun tójú wa rí lẹ́nu iṣẹ́, kí àwọn tó ṣì ń ro iṣẹ́ tí wọn yóò yàn lè rí nǹkan dì mú. Ìyá kan tó ṣe nọ́ọ̀sì ti kọ tirẹ̀. Bàbá kan tó wa bọ́ọ̀sì ní Walworth Road títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ fún un ti kọ tirẹ̀. Ó wá kàn mí. Háwáù, ọmọbìnrin tó ń kó ìwé náà jọ, wá bá mi nílé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

“Big Mummy, wọ́n ní ẹ ṣe film, àwọn Hollywood films gan-an. Which ones? Ẹ jẹ́ ká search yín.”

Mo ní, “O ò ní rí mi níbẹ̀. O lè gbọ́ mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè rí mi.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kí n kọ ọ́ gùn tó báyìí.

Igbe ni iṣẹ́ mi. Ẹ ti wo fíìmù tí èrò pọ̀ nínú rẹ̀ rí: ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Àwọn òṣèré ńlá ń sọ̀rọ̀ níwájú, àwọn èrò tó wà lẹ́yìn wọn ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ya àwòrán náà, àwọn èrò yẹn kì í sọ nǹkan kan. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n dákẹ́, kí ohùn òṣèré lè mọ́ ketekete. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á gbé fíìmù náà wá sí sítúdíò kan láàárín Lọ́ńdọ̀nù. Àwa mẹ́fà tàbí méje á dúró yí máìkì ká nínú òkùnkùn, a ó máa wo àwòrán lára ògiri, a ó sì máa fi ohùn sí ẹnu àwọn tí kò ní ohùn. Ariwo ẹ̀yìn la máa ń pè é láàárín ara wa. Fíìmù Amẹ́ríkà tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá kò níye. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, n ò dé Amẹ́ríkà rí títí dòní.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ náà kò gùn rárá. Mo máa ń nu ilẹ̀ ní sítúdíò yẹn láràárọ̀. Ọkùnrin kan fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ gun ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, mo sì jágbe mọ́ ọn ní Yorùbá láti ìsàlẹ̀ ikùn. Obìnrin kan yọjú láti inú yàrá, ó ní, “Ta ló ni ohùn yẹn?” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti owó, ó bọ́ èmi àti ọmọ mi kan ṣoṣo, kò sì sọ wá di olówó. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

Obìnrin tó yọjú yẹn ni Miss Verna, ọmọ Jamaica tó ń gbé ní Stockwell. Òun ni ọ̀gá gbogbo àwa tá a ń fi ohùn ṣiṣẹ́. Ó ga, ó gbẹ, kì í sì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Oṣù mẹ́fà ni mo fi kọ́ṣẹ́ nílé ìdáná rẹ̀, lórí àjà kẹrin, kó tó jẹ́ kí n dúró níwájú máìkì.

Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ mi ni èémí. Ó ní ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn kì í mí bí ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá, ẹni tó pọn ọmọ sẹ́yìn kì í sì í mí bí ẹni tó ru ẹrù. Ó máa ń tan tẹlifíṣọ̀n, á pa ohùn rẹ̀, á wá ní kí n fi ohùn sẹ́nu èèyàn kan tó ń kọjá. Bí mo bá pẹ́ díẹ̀, á fi ṣíbí onígi lu tábìlì: “Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi tẹlẹ̀, ohùn tìẹ ṣì wà lẹ́sẹ̀ òsì. Tún un ṣe!” Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ yẹ̀rì tó ní aṣọ inú tó ń dún wá, ó ní kí n rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí n padà wá. Ó tẹ́tí sí mi bí mo ṣe ń rìn.

“Aṣọ rẹ ń sọ̀rọ̀ jù ọ́ lọ,” ó ní. “Má tún wọ̀ ọ́ wá mọ́.”

Ẹ̀gbà ọwọ́ kò sí, yẹtí kò sí, aṣọ tá a fi sítáàṣì sí kò sí. Nígbà Ràmàdáánì, ikùn mi tó ń kùn wọ inú máìkì, gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Miss Verna kò rẹ́rìn-ín, kò sì ní kí n jẹun. Ó mú ìrọ̀rí kékeré kan wá, ó fi ọ̀já dì í mọ́ mi níkùn, ó ní, “Ó yá, máa bá ààwẹ̀ rẹ lọ.” Láti ọdún yẹn, ìrọ̀rí yẹn kì í kúrò nínú báàgì mi bí oṣù ààwẹ̀ bá ti wọlé. Òbí kan kò lè ṣe fún mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe le tó, n ò mọ̀ ọ́n ní aláìṣòótọ́ rí.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ Amẹ́ríkà, tàbí ohun tí fíìmù ń pè ní Amẹ́ríkà. Bí àwọn èrò inú àwòrán bá jẹ́ òyìnbó, wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé fún àwọn òyìnbó àárín wa. Ọ̀kan ń wá táksì, òmíràn ń ṣògo pé ọmọ òun yege ìdánwò, òmíràn ń ráhùn pé oúnjẹ tutù. Bó bá kan àwa, kì í sí ìwé. Olùdarí fíìmù á kàn ní, “Ẹ fún mi ní ará Áfíríkà.” Mo bi ọ̀kan léèrè rí, mo ní, “Ará ibo ní Áfíríkà, sà?” Ó wò mí bí ẹni tí àga bá sọ̀rọ̀.

Àwọn ará Ítálì tó wà ní Amẹ́ríkà máa ń jẹun, wọ́n máa ń pariwo, wọ́n sì máa ń pa ara wọn. Àwọn ọmọ Ireland máa ń mutí, bí wọn ò bá mutí, ọlọ́pàá ni wọ́n. Àwọn ará Mexico máa ń sá. Àwọn dúdú Amẹ́ríkà, ohùn mẹ́ta ni wọ́n máa ń fẹ́ lọ́wọ́ wa: ẹ̀rín tó rinlẹ̀, àmín tó gba gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, àti igbe ìyá tí wọ́n yìnbọn pa ọmọ rẹ̀. Igbe ìyá yẹn, èmi ni mo máa ń ké e. Mo ti sunkún ọmọ tí n ò bí ju èyí tí mo lè kà lọ.

Ká sòótọ́, ìyá bẹ́ẹ̀ wà, ọmọ bẹ́ẹ̀ sì ń kú. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìyá náà kì í padà sílé. N ò rí fíìmù kan tó tẹ̀lé e dé ilé ìdáná rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bó bá ti ké tán, ó parí.

Ọ̀rẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ náà ni Wing. Àwọn òbí rẹ̀ wá láti Hong Kong, ṣùgbọ́n Walworth ni wọ́n bí i sí, ẹ̀yìn ọjà East Street ni bàbá rẹ̀ ti ń din ẹja tà. Gẹ̀ẹ́sì Walworth nìkan ló gbọ́. Síbẹ̀, òun ni wọ́n máa ń pè fún gbogbo ará Ṣáínà, fún ará Vietnam, fún ará Korea, àní fún àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n máa ń gun ẹṣin wá jà. Ohun tó bá bọ́ sí i lẹ́nu ló máa ń sọ. Ó ti gbọ́ Yorùbá díẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá wa tó ń nájà ní East Street, ó sì máa ń lò ó. Nínú fíìmù kan, ọkùnrin ará Ṣáínà kan ń kú lọ lójú títì ní San Francisco, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ́tí dáadáa, ẹ ó gbọ́ pé ohun tó ń sọ ni, “Ẹ̀fọ́ yìí ti rọ! Ẹ̀fọ́ yìí ti rọ!”

Lọ́jọ́ yẹn mo rẹ́rìn-ín títí ìbàdí fi ń dùn mí. Miss Verna dúró títí a fi rẹ́rìn-ín tán.

“Ó dùn mọ́ yín,” ó ní. “Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́nikẹ́ni nínú yàrá tó wà lọ́hùn-ún tó mọ̀ pé àwàdà ni. Ṣé ẹ rí i? Kò sẹ́ni tó mọ̀.”

Wing kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo ti lo nǹkan bí ọdún mọ́kànlá lẹ́nu iṣẹ́ náà nígbà tí ìyá mi kú ní Ìsẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sídíkátù, tó ń tọ́jú wọn nílé, ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè.

“Ràfátù, Ìyá ti lọ.”

“Ìgbà wo, Ẹ̀gbọ́n mi?”

“Lánàá. Orí ìrun ni wọ́n kú sí. A ti sin wọ́n kó tó di ìrọ̀lẹ́.”

Bí ẹ̀sìn wa ṣe ní ká ṣe é ni wọ́n ṣe é, n ò sì lè bínú. Ṣùgbọ́n ẹkún tí ẹni tó wà nítòsí yóò ti sun sórí òkú, inú mi ni tèmi wà, kò rí ibi gbà jáde. Iṣẹ́ wà fún wa lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Miss Verna ní kí n jókòó sílé. Èmi ni mo kọ̀. Mo ní ilé ló máa pa mí. Ẹ fi eléyìí sọ́kàn, ẹ̀yin ọmọ mi: kò sẹ́ni tó fipá mú mi lọ síbẹ̀.

Olùdarí fíìmù ọjọ́ náà ní àwòrán kò tíì ṣe tán, pé ohùn nìkan lòun fẹ́. Ó ní àwọn ará Áfíríkà kan ló ń gbé ní New York, ẹnì kan kú láàárín wọn, àwọn obìnrin ń ṣọ̀fọ̀. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní kí wọ́n máa gba ohùn. Iná pupa tàn. Mo la ẹnu, ìyá mi ló bọ́ síta.

Mo ní, “Àṣàkẹ́ o! Àṣàkẹ́ ọmọ ahunṣọ-bo-àṣírí! Ọmọ òwú funfun tí kì í bá ìdọ̀tí sùn! Ẹ lọ láìjẹ́ kí n rójú yín!” Mo kì wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, bí àwọn fúnra wọn ṣe máa ń kì mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. N ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Wing ló dì mí mú kí n má bàa kọlu máìkì. Mo ké títí ohùn mi fi tán. Olùdarí náà tẹ bọ́tìnnì, ohùn rẹ̀ wọlé látẹ̀yìn gíláàsì: “Ó dáa gan-an. A ti rí ohun tá a fẹ́.”

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, ọjọ́ yẹn gan-an n ò rántí rẹ̀.

Fíìmù náà jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Èmi àti Wing lọ wò ó níbí, ní sinimá Peckham. Mò ń retí ìsìnkú, n ò rí ìsìnkú. Ohun tí mo rí ni inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan ní New York, tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti de ọmọbìnrin òyìnbó kan mọ́lẹ̀, wọ́n kun ojú wọn lẹ́fun, wọ́n fẹ́ fi í rúbọ. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ohùn mi. Wọ́n ti fà á gùn, wọ́n ti mú un wúwo, ó ń dún bí ohùn iwin. Ṣùgbọ́n orúkọ náà mọ́ kedere: Àṣàkẹ́ o. Àṣàkẹ́ o.

Àwọn ọ̀dọ́ kan jókòó níwájú wa, ọmọ dúdú ni wọ́n, ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ ọmọ wa gan-an. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í sín in jẹ: “Ashakay-o! Ashakay-o!” Bí wọ́n ṣe ń jáde, wọ́n ṣì ń pè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Miss Verna tẹ̀ lé mi lọ sí sítúdíò. Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Mo ní kí wọ́n yọ orúkọ ìyá mi. Ọkùnrin tó dá wa lóhùn kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ó tilẹ̀ po tíì fún wa. Ó wá mú ìwé tí mo fọwọ́ sí jáde, ó fi hàn mí pé ohùn tí mo bá ti sọ sínú máìkì ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ó ní òun kò mọ̀ pé orúkọ ni. Òun rò pé ariwo ni.

Lójú ọ̀nà, Miss Verna dúró, ó di ọwọ́ mi mú. “Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń mú ohùn jáde,” ó ní. “N ò kọ́ ọ bí a ṣe ń fi í pamọ́. Ẹ̀bi mi ni.” Ìgbà yẹn nìkan ni mo rí omijé lójú rẹ̀.

Fíìmù kì í dúró síbì kan. Ó dé Ìsẹ́yìn. Ọmọ àbúrò bàbá wa kan ló gbé e wá sílé, wọ́n sì jókòó, wọ́n ń wò ó, ni wọ́n bá gbọ́ orúkọ Ìyá nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí.

“Ràfátù, ìwọ lo gbé orúkọ Ìyá lọ sídìí ìbọ?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, n ò mọ̀. Wọ́n ní ọ̀fọ̀ ni.”

“Ìyá tó kú sórí ìrun. Wọ́n sanwó fún ẹ àbí wọn ò sanwó?”

Mo ní kó jẹ́ kí n ṣàlàyé.

“Mo ní, ṣé wọ́n sanwó?”

“Wọ́n sanwó, Ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Mo kọ lẹ́tà, kò fèsì. Mo ránṣẹ́, wọ́n dá a padà. Ní ọdún keje, mo wọ ọkọ̀ òfurufú, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Kò lé mi. Ó yíjú sí ìyàwó ilé tó dúró nítòsí, ó ní, “Ẹ sọ fún àlejò pé omi wà nínú àmù.” Àlejò, nílé bàbá mi. Mo lo ọjọ́ márùn-ún, kò pe orúkọ mi. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, òun náà kú. Wọ́n ti sin òun náà kí n tó gbọ́.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí n ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́, mo ní ilé kánsù, ilé ìjọba tí mo gbọ́dọ̀ máa san owó rẹ̀, iṣẹ́ yìí nìkan sì ni mo mọ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀ nínù. Mo padà síbẹ̀. Mo kàn pinnu pé n ò ní fi ọ̀rọ̀ kankan sínú igbe mọ́. Igbe lásán ni mo ń fún wọn, láìsí orúkọ, láìsí oríkì, láìsí Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tí kò sí níbẹ̀, wọn kò lè bà á jẹ́. Inú àwọn olùdarí sì dùn sí i. Wọ́n ní mo túbọ̀ ń já fáfá.

Láàárín ìgbà yẹn, irinṣẹ́ ń yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, fíìmù gidi ni wọ́n máa ń gé, wọ́n á so orí mọ́ ìdí rẹ̀, á máa yí lọ yí bọ̀ lójú wa. Téèpù ńlá ló ń gba ohùn wa, bí ẹnì kan bá wúkọ́, gbogbo wa á tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà dé. Ikọ́ kò jẹ́ nǹkan kan mọ́, wọ́n á gé e kúrò bí ẹni ń yọ ẹ̀gún ẹja. Èèyàn méje di mẹ́rin, mẹ́rin di méjì, nítorí ẹ̀rọ lè sọ ẹnì kan di ọgọ́rùn-ún. Nígbà àrùn tó sé gbogbo ayé mọ́lé, inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mi ni mo ti ń ké, pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí. Aládùúgbò mi, ìyá oníṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan, kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì láti bi mí pé ta ló kú.

Ohun tí kọ̀ǹpútà ṣe tó burú jù ni pé ó ń tọ́jú nǹkan. Wing pè mí lọ́jọ́ kan: “Rafa, mo gbọ́ ẹ nínú fíìmù kan lánàá.” Mo ní n ò ṣe fíìmù yẹn. Ó ní, “Mo mọ̀ pé o ò ṣe é. Àmọ́ ìwọ ni. Ọjọ́ tó o kúnlẹ̀ yẹn ni.” Wọ́n ti fi ẹkún ìyá mi sínú ibi tí wọ́n ń kó ohùn jọ sí fún títà, pẹ̀lú ẹkùn tó ń bú àti ilẹ̀kùn tó ń dún. Wing ṣí i hàn mí. Àkọlé rẹ̀ ni “Obìnrin Áfíríkà, ẹkún, ìkejì.” Láti ìgbà yẹn mo ti gbọ́ ọ nínú fíìmù ogun, nínú fíìmù àwọn ẹrú, lẹ́ẹ̀kan nínú fíìmù kan tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. N ò lọ bá ẹnikẹ́ni mọ́.

Miss Verna kò gbọ́ ìyẹn. Ó ti dolóògbé nígbà yẹn, mo sì dúpẹ́ pé kò gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn rèé. Ọmọbìnrin dúdú Amẹ́ríkà kan ni olùdarí rẹ̀, kò lè ju ọmọ mi lọ. Nínú àwòrán rẹ̀, obìnrin Nàìjíríà kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú kan ní Amẹ́ríkà dúró ní ibùdó ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Wọn ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ń dúró de bọ́ọ̀sì, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin náà jáde kúrò lẹ́yìn gíláàsì, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Mummy,” ó ní, nítorí ó ti gbọ́ tí àwọn yòókù ń pè mí bẹ́ẹ̀, “n ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Kí ni obìnrin yìí máa sọ?”

Ọdún mẹ́tàdínlógójì, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Èmi tí mo máa ń dúró ní ibùdó ọkọ̀ Peckham lójoojúmọ́, tí mo máa ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ orúnkún, ọ̀rọ̀ òjò, ọ̀rọ̀ iye tí iṣu di. Iná pupa tàn. Mo la ẹnu, n ò rí nǹkan kan sọ. Ó ní ká tún un ṣe. Mo wo ètè obìnrin tó wà lára ògiri, mo mí bí mo ṣe yẹ kí n mí, ẹsẹ̀ mi bá tirẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò wá. Nígbà kẹrin, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni igbe. Igbe lásán, èyí tí mo ti ń fún wọn láti ọdún pípẹ́ wá. Obìnrin ara ògiri ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń tún báàgì rẹ̀ gbé kọ́ èjìká, igbe ọ̀fọ̀ sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà yọ ohun tó fi bo etí. Kò bínú. “Ẹ sinmi díẹ̀, Mummy,” ó ní. Mo mú kóòtù mi. Mo mọ̀ pé ó ti tán.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, n ò ní kí ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ fi ohùn yín fún, ẹ sì bi wọ́n léèrè ibi tó ń lọ lẹ́yìn tó bá ti ké tán. Ọ̀rọ̀ tí mo rò pé mo ń fi pamọ́ fún wọn, ara mi ni mo fi í pamọ́ fún, títí n kò fi rí i mọ́.

Fíìmù náà jáde nígbà òtútù tó kọjá. Mo dá lọ wò ó lọ́sàn-án. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fi rọ́pò mi, ohùn rẹ̀ kò dúró síbì kan, ó ń pe “ọkọ̀” bí ẹni ń pe “ọkọ́.” Ó ní, “Ọkọ̀ yìí ti pẹ́ jù o. Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ṣé o ti jẹun?” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀sì dé, obìnrin náà wọlé, fíìmù sì tẹ̀ lé e dé ilé rẹ̀. Ó bọ́ bàtà. Ó gbé omi kaná.

Mo jókòó títí orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ fi tò kọjá lára ògiri, tí àwọn tó ń gbálẹ̀ fi wọlé. Orúkọ obìnrin inú àwòrán náà wà níbẹ̀. Orúkọ ọmọ tó fọhùn fún un wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.